Orí Keje: Ṣé Àkàbà Tó Wọ Búùtù Mọ́tò Lè Gbé Ènìyàn?

Lẹ́yìn ìjì àkọ́kọ́ tí òjò ọdún tuntun máa ń kó wá láàrin oṣù Kẹta sí oṣù Kẹrin, ó ṣòro kí ẹ rin agbègbè Àkúrẹ́ já láìrí ilé tí atẹ́gùn ti ṣí páànù rẹ̀. Ìjàrẹ́, tó wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́dọ̀rẹ, kò yọ sílẹ̀. Ìlú olókè ni, atẹ́gùn sì máa ń rí àyè fẹ́ níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀ ni ẹni tó kọ́ wọn kò gbé inú wọn. Èkó ni onílé wà, tàbí Abùjá, tàbí London. Mọ̀lẹ́bí kan ló ń bá a ṣí fèrèsé. Ọjọ́ tí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí bẹ́ẹ̀dì, tàbí ọjọ́ tí ẹnìkan bá fẹ́ ra ilé náà, wọ́n á ránṣẹ́ pe ẹni tó mọ ilé yẹ̀ wò. Ó lè jẹ́ ẹsíteètì sọ̀féyọ̀ láti Àkúrẹ́, ó lè jẹ́ bíríkìlà àgbà, ó lè jẹ́ káfíńtà tó mọ òrùlé. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo wọn ní ayẹléwò.

Iṣẹ́ ayẹléwò kò lè parí sílẹ̀. Ìṣó páànù tó ti yọ, pákó etí òrùlé tó ti jẹrà, ipa ọ̀nà tí ikán gbà lára ògiri dé ara igi òrùlé, kò sí èyí tí èèyàn lè rí dáadáa láti àgbàlá. Àkàbà ni yóò gbé e débẹ̀. Tẹ́lẹ̀, á yá ti káfíńtà tó wà nítòsí: igi gígùn méjì, pákó pẹlẹbẹ tí wọ́n kàn mọ́ ọn ní ìdábùú. Ó wúwo, ó gùn ju mọ́tò lọ, kò sì sẹ́ni tó mọ ọjọ́ tí ìṣó inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dípẹtà.

Nísinsìnyí, ayẹléwò á ṣí búùtù Corolla rẹ̀, á fa nǹkan kan jáde tí kò gùn tó mítà kan, á gbé e dúró, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í fà á sókè: kọ́, kọ́, kọ́. Láìpẹ́, ó ti di àkàbà tó ga kọjá ẹnu ọ̀nà dáadáa. Bàbá tó ń ṣọ́ ilé á wò ó tìyanutìyanu.

"Ọmọ mi, ṣé èyí náà lo fẹ́ gùn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá. Ó ń gbé mi dáadáa, sà."

"Ohun tó lè kéré tó báyẹn, kí ló dì í mú tí kò fi ní tún pa dà kéré nígbà tó o bá wà lórí ẹ̀?"

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni bàbá béèrè. Òun ni a ó tú palẹ̀ nínú orí yìí, a ó sì máa pe nǹkan náà ní àkàbà asúnkì.

Ẹ rántí éríà rédíò àtijọ́. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ wọ inú ọ̀pá tó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, ìyẹn náà wọ inú òmíràn, títí dé èyí tó nípọn jù nísàlẹ̀. Bí wọ́n ṣe to àkàbà asúnkì náà nìyẹn, àfi pé éríà méjì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tí ìtẹ̀sẹ̀ sì so wọ́n pọ̀ ní ìpele kọ̀ọ̀kan. Alumíníọ̀mù ni ọ̀pá wọn, ó ní ihò nínú, ìdí sì nìyẹn tí kò fi wúwo. Èyí tó ga tó mítà 3.8 kì í sábà ju kílógíráàmù 12 sí 14 lọ, tí ẹ bá sì pa á dé, kò ní gùn tó mítà kan.

Ṣùgbọ́n ibi tí éríà àti àkàbà ti yàtọ̀ ni ibi tí ìdáhùn wà. Éríà rédíò ń dúró nítorí pé ọ̀pá inú há mọ́ ọ̀pá ìta díẹ̀; ẹ fi ìka kan tì í, yóò wọlé. Àkàbà kò gbọ́dọ̀ gbára lé híhá. Nínú ìtẹ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí òun náà ní ihò nínú, irin kékeré méjì wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, sípíríǹgì sì wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ń tì í síta. Irin àkìbọ̀ ni a ó pè wọ́n. Nígbà tí ẹ bá ń fa ìpele kan sókè, irin àkìbọ̀ á máa họ ara ọ̀pá títí yóò fi kan ihò tí wọ́n lu sí i. Bó bá ti bá ihò pàdé, sípíríǹgì á tì í wọlé. Ìró "kọ́" tí ẹ gbọ́ nìyẹn. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀pá yẹn kò lè wálẹ̀ mọ́, àfi kí irin ṣẹ́, tàbí kí ẹnìkan fi ọwọ́ fa irin náà pa dà sẹ́yìn. Bọ́tìnnì tó wà lábẹ́ ìtẹ̀sẹ̀ ló ń fà á pa dà. Lára àwọn mìíràn, bọ́tìnnì méjì péré ló wà nísàlẹ̀ pátápátá: tí ẹ bá tẹ̀ wọ́n, ìpele kan á wálẹ̀, òun ni yóò tú irin èyí tó tẹ̀ lé e, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi tò léra wọn.

Nítorí náà, bàbá, irin tó tó ìka kékeré ló dì í mú. Kì í ṣe ọ̀kan, méjì ni ní oríkèé kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá wo bí ẹrù ṣe ń rìn nínú rẹ̀. Ẹni tó dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ kẹjọ, ìtẹ̀sẹ̀ náà gbé e lé irin àkìbọ̀ abẹ́ rẹ̀, irin yẹn gbé e lé ọ̀pá keje, ọ̀pá keje gbé e lé irin tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ilẹ̀. Gbogbo oríkèé tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín ló gbé gbogbo ìwọ̀n yín, kò sí èyí tó gbé ìdajì. Àkàbà onígi kò rí báyẹn: bí ìtẹ̀sẹ̀ kan bá yọ níbẹ̀, ìtẹ̀sẹ̀ yẹn nìkan ló yọ, òpó méjèèjì ṣì wà ní ìdúró. Níbi asúnkì, bí oríkèé kan ṣoṣo nísàlẹ̀ bá já, gbogbo ohun tó wà lókè rẹ̀ ló ń bọ̀ wálẹ̀, ẹ̀yin pẹ̀lú.

Ohun tó sábà ń fa ìyẹn kò le lójú rárá. Irin apá ọ̀tún wọ ihò, ti apá òsì kò wọ̀ ọ́ tán. Iyanrìn díẹ̀ wà lẹ́nu ihò, tàbí ẹni tó fà á sókè fà á ní wíwọ́. Àkàbà á dúró, kò sì ní mì lọ́nà tí ojú lè rí, torí pé irin kan péré tó láti gbé àkàbà tí kò sẹ́nì kankan lórí rẹ̀. Ìgbà tí èèyàn bá gùn ún ni gbogbo ìwọ̀n á wá sórí irin kan yẹn, tí ọ̀pá á yí díẹ̀, tí irin á sì bọ́. Ìpele yẹn á já wọ inú èyí tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, bíi 30 sẹ̀ǹtímítà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, jíjá yẹn sì lè tú oríkèé mìíràn. Ìka ẹni tó di ìtẹ̀sẹ̀ mú lákòókò náà lè há sí àárín ìtẹ̀sẹ̀ méjì.

Ìdí nìyí tí ọlọ́gbọ́n ayẹléwò kì í gbára lé etí nìkan. Ìró "kọ́" kan lè jẹ́ ti irin kan. Ojú ló gbọ́dọ̀ wo oríkèé kọ̀ọ̀kan, ọ̀tún àti òsì, kí ó rí i pé bọ́tìnnì méjèèjì ti pa dà sí ààyè wọn. Lára àwọn kan, àwọ̀ pupa á fara hàn tí irin kò bá tíì wọlé, àwọ̀ ewé á fara hàn tó bá ti wọlé. Lẹ́yìn náà, kí ó dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kí ó fi ara tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ sókè. Tí nǹkan kan yóò bá já, ibẹ̀ ni ká jẹ́ kó já.

Eruku ni ọ̀tá àkàbà yìí nílẹ̀ wa. Ilẹ̀ pupa Ìjàrẹ́, tí ọyẹ́ bá gbẹ ẹ́, á di ẹ̀tù tó ń wọ gbogbo ibi. Lórí ilé tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́, ẹ̀tù sìmẹ́ńtì náà wà níbẹ̀. Ó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá tí wọ́n fà jáde, tí wọ́n bá sì pa á dé, ó bá ọ̀pá wọlé, ó lọ jókòó sínú ihò tí irin àkìbọ̀ fẹ́ wọ̀. Àwọn kan rò pé kí àwọn da epo ẹ́ńjìnnì sí i kí ó lè máa yọ̀. Ìyẹn burú ju eruku fúnra rẹ̀ lọ, torí epo ló ń mú eruku dúró. Aṣọ gbígbẹ ni kí ẹ fi nu ọ̀pá kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó pa á dé, ó tán. Tí ọ̀pá kan bá ti rún nítorí pé ẹnìkan ju búlọ́ọ̀kù lé e nínú búùtù, àkàbà náà ti parí iṣẹ́ nìyẹn. A kì í lù ú tọ́.

Bí ẹ bá gun àkàbà asúnkì fún ìgbà àkọ́kọ́, àyà yín yóò já, torí pé ó ń tẹ̀. Ẹ dé àárín, ẹ rí i pé ó rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, ó sì tún fò sókè bí ẹ ṣe gbé ẹsẹ̀. Ìdí méjì ló wà. Ọ̀pá òkè tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ sì máa ń tẹ̀ ju èyí tó nípọn lọ. Èkejì ni pé ọ̀pá kan kò lè wọ inú èkejì láìsí àyè díẹ̀ láàrin wọn, torí tí kò bá sí àyè, kò ní lè yọ̀ jáde. Àyè bíntín yẹn wà ní oríkèé kọ̀ọ̀kan. Ẹ ka oríkèé mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá, ó di mímì tí ara ń mọ̀. Títẹ̀ yìí fúnra rẹ̀ kì í ṣe àmì pé ó fẹ́ ṣẹ́, ó wà nínú bí wọ́n ṣe ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ń sọ nǹkan kan fún wa: kì í ṣe àkàbà tí èèyàn lè dúró lé lórí kó máa fi ọwọ́ méjèèjì gbá ìṣó. Bí ẹ ṣe ń gbá, ló ń jó.

Bí ẹ ṣe fi í ti ògiri ló ń pinnu bí yóò ṣe tẹ̀ tó. Tí ìdí rẹ̀ bá jìnnà sí ògiri jù, ìwọ̀n yín á bọ́ sí àárín ọ̀pá, ọ̀pá á tẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì máa wá ọ̀nà láti yọ̀ sẹ́yìn. Tó bá sún mọ́ ògiri jù, ẹ̀yin fúnra yín lè gbé e ṣubú sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá nara. Ìlànà tí wọ́n ń lò káàkiri ayé ni pé, bí àkàbà bá ga tó mítà mẹ́rin níbi tó ti kan ògiri, kí ìdí rẹ̀ jìnnà sí ògiri ní mítà kan. Tí kò bá sí ohun tí ẹ lè fi wọ̀n ọ́n, ẹ dúró kí orí ìka ẹsẹ̀ yín kan ìdí àkàbà, ẹ na ọwọ́ méjèèjì síwájú ní ọ̀gangan èjìká. Tí àtẹ́lẹwọ́ bá kan ìtẹ̀sẹ̀ tó wà níwájú yín láìjẹ́ pé ẹ tẹ̀ síwájú, ó ti tọ́.

Ilẹ̀ tí ẹ gbé e kà náà ńkọ́? Rọ́bà tó wà ní ìdí àkàbà ń di kọnkéré gbígbẹ mú dáadáa. Lórí amọ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kò di nǹkankan mú. Ilẹ̀ Ìjàrẹ́ sì dagun ní ọ̀pọ̀ ibi, ẹsẹ̀ kan àkàbà lè wà lókè kí èkejì wà nísàlẹ̀. Ẹ má fi òkúta tì í. Ẹ gbẹ́ ibi tó ga wálẹ̀ títí yóò fi tẹ́jú, kí ẹ tẹ́ pákó gbòòrò sí i, kí ẹnìkan sì dì í mú nísàlẹ̀, ẹni tí kò ní fi í sílẹ̀ lọ gbé fóònù.

Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣì í lò jù ni gíga. Etí òrùlé ilé ilẹ̀ wa sábà máa ń wà ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Ẹni tó ní àkàbà mítà 3.8 á rò pé òun ní àjẹṣẹ́kù. Ẹ jẹ́ ká wò ó. Bí wọ́n bá fi ti ògiri bó ṣe yẹ, kò ní ga tó 3.8 mọ́, torí ó dagun. Á kan nǹkan bíi mítà 3.67. Ẹni tó fẹ́ kúrò lórí àkàbà bọ́ sórí òrùlé nílò kí àkàbà yọ kọjá etí òrùlé ní ó kéré tán 90 sẹ̀ǹtímítà, kí ọwọ́ lè rí nǹkan dì mú nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń sún. Èyí tó yọ lókè níhìn-ín kò tó 70. Nítorí náà, àkàbà yìí gbé e dé ibi tí ojú ti lè rí páànù, kò gbé e dé ibi tó ti lè tẹ páànù.

Mo rò pé ìyẹn náà ló yẹ kó jẹ́. Ẹgbẹ́ àwọn ayẹléwò tí wọ́n ń pè ní InterNACHI, tó bẹ̀rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú ìlànà wọn pé láti ilẹ̀ tàbí láti etí òrùlé ni ayẹléwò yóò ti wo òrùlé, kò sì di dandan fún un láti rìn lórí rẹ̀. Àwọn tí iṣẹ́ yìí jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Páànù àtijọ́ tí igi abẹ́ rẹ̀ ti di ti ikán, ta ló mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ lé? Kí ó gun àkàbà, kí ikùn rẹ̀ má ṣe kúrò láàrin òpó méjèèjì, kí ọwọ́ kan di àkàbà mú nígbà gbogbo, kí èkejì fi fóònù ya àwòrán, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀. Tó bá so fóònù mọ́ orí ọ̀pá gígùn, ó tilẹ̀ lè rí àárín òrùlé láìgùn ju ìtẹ̀sẹ̀ mélòó kan lọ.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí rárá. Etí òrùlé rẹ̀ lè tó mítà mẹ́fà. Ẹni tó bá gbé asúnkì lé orí tábìlì tàbí sẹ́yìn ọkọ̀ kó lè tó o, ikú ló ń wá. Kí ó lọ yá àkàbà ńlá tàbí kí ó ní kí wọ́n de àgbékà igi.

Inú ilé gan-an ni àkàbà yìí ti ń ṣe bẹbẹ. Ihò tí wọ́n ń gbà wọ àjà sábà máa ń wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró tàbí nínú yàrá ìkẹ́rù. Àkàbà káfíńtà kò lè yí níbẹ̀; tí wọ́n bá fi agbára gbé e wọlé, á họ ọ̀dà ara ògiri, á fọ́ gílóòbù. Asúnkì ń wọlé bí àpò, ẹ ó fà á dé ìtẹ̀sẹ̀ tí ẹ nílò, kò ní kan síìlìn. Ìwé ìlò rẹ̀ ló máa sọ èyí tí ẹ kọ́kọ́ máa fà tí ẹ kò bá fẹ́ fà á tán, torí àwọn tó ń ṣe é kò ṣe é bákan náà. Ẹ ka ìwé náà. Mo mọ̀ pé a kì í ka irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ohun kan ṣì wà tí ó ń dẹ́rù bà mí ju ìṣubú lọ. Alumíníọ̀mù ni àkàbà yìí, iná mànàmáná sì fẹ́ràn rẹ̀. Wáyà tó ti orí òpó wá sí ilé sábà máa ń gba etí òrùlé gan-an wọlé, èyí tó sì wà lórí òpó gíga lójú títì lè gbé fóltì 11,000 tàbí 33,000. Àǹfààní asúnkì ni pé ẹ lè gbé e kọjá lábẹ́ wáyà ní pípadé. Ewu rẹ̀ ni pé òkè ló ń lọ nígbà tí ẹ bá ń fà á, ojú yín sì wà nílẹ̀ níbi bọ́tìnnì. Ẹ kọ́kọ́ gbé ojú sókè. Ẹ má sì sọ pé wọ́n ti mú iná lọ: iná tí wọ́n mú láàárọ̀ lè dé nígbà tí ẹ bá wà lórí ìtẹ̀sẹ̀ kẹfà, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọn kò so dáadáa sì lè rán iná pa dà sí wáyà tí ẹ rò pé ó ti kú.

Bí òjò bá ṣú, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2019, àrá pa màlúù 36 lẹ́ẹ̀kan náà lórí Òkè Ọwá ní Ìjàrẹ́ yìí. Àwọn àgbà ìlú sọ pé orí òkè mímọ́ ni wọ́n da ẹran lọ, ìwé yìí kò sì wá bá wọn jiyàn. Ohun tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fi kún un ni pé, tí àrá bá bọ́ sílẹ̀, agbára rẹ̀ máa ń tàn kálẹ̀ gba inú ilẹ̀. Ẹsẹ̀ iwájú màlúù jìnnà sí ti ẹ̀yìn, nítorí náà agbára yẹn ń gba ẹsẹ̀ kan gòkè, ó ń gba ara kọjá, ó ń gba ẹsẹ̀ kejì jáde. Èyí túmọ̀ sí pé kì í ṣe ẹni tó wà lórí irin nìkan ló wà nínú ewu, ẹni tó di ìdí àkàbà mú wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú.

Ẹni tó bá fẹ́ rà á ńkọ́? Láti òkè òkun ni púpọ̀ jù lọ ti ń wá. Yúróòpù ní òṣùwọ̀n kan fún irú àkàbà yìí, EN 131-6, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2015; láti ọdún 2018, òṣùwọ̀n EN 131 ní kí àkàbà gbé ìwọ̀n tó tó kílógíráàmù 150. Amẹ́ríkà ń pín tiwọn sí ọ̀wọ́: èyí tó kéré jù gbé bíi 90, èyí tó ga jù gbé 170. Aṣọ, bàtà àti àpò irinṣẹ́ wà nínú ìwọ̀n yẹn, kì í ṣe ara nìkan. Àjọ SON, tí òfin dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ló ń mójú tó ojúlówó ọjà lọ́dọ̀ tiwa. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni lè tẹ nọ́ńbà mọ́ ara bébà kí ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ayédèrú. Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ fa gbogbo rẹ̀ sókè níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ wo irin kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń wọ ihò. Ẹ wò ó bóyá ó ní ọ̀pá gbòòrò ní ìdí tó ń jẹ́ kí ó dúró lórí ẹsẹ̀ fífẹ̀, torí èyí tó bá ga tó mítà mẹ́ta nílò rẹ̀. Ẹ pa á dé, kí ẹ rí i bóyá ó rọra ń sọ̀: àwọn tó dára máa ń jẹ́ kí atẹ́gùn inú ọ̀pá gba ihò tín-ín-rín jáde díẹ̀díẹ̀, kí ọ̀pá má baà já lu ìka. Èyí tó bá já gbàù, ẹ dá a pa dà fún un.

Ẹ̀yin onílé tí ẹ wà lókè òkun, ẹ gbọ́ eléyìí náà. Tí ẹni tí ẹ rán lọ wo ilé yín ní Ìjàrẹ́ bá fi àwòrán ránṣẹ́ láti etí òrùlé, tó sì ní òun kò tẹ páànù, ẹ san owó rẹ̀ pé. Iṣẹ́ tí ẹ rán an ló ṣe.